Ohun Tó Ń Jẹ Ààyè Inú Ẹ̀rọ Alhájì Sàláúdéènì

Àtìní, 9 Fẹ́búárì 1998

Ẹ̀rọ dúró lónìí. Kò jóná, kò bàjẹ́, ó kàn ní òun ò ní ààyè mọ́ ni. Àwọn fítà, ìyẹn àwọn mẹkáníìkì, tó wá láti àdúgbò wọn ní Magazine láti ra ẹ̀yà ọkọ̀, tò síwájú káńtà, wọ́n ń retí ríìsíìtì, ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń tún ara rẹ̀ kọ lójú gíláàsì: díìsìkì ti kún. Mo pa àwọn ìṣirò ọdún tó ti pẹ́ rẹ́, ẹ̀rọ tún mí. Ó wálẹ̀ sí 80 nínú 100. Ṣùgbọ́n ojú ti tì mí ná. Ọ̀kan nínú àwọn fítà yẹn ní, "Maame, kọ̀ǹpútà yín ti yó paa, ẹ fún un lómi mu." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń gbóná.

Díìsìkì yẹn ò yẹ kó kún. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 1991. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ bí mo ṣe mọ ohun tó wà nínú àpótí aṣọ mi. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀. Ètè mi là.

Àtàlátà, 10 Fẹ́búárì

Láti Kérésì ni iná ti ń lọ bó ṣe wù ú. Wọ́n ti wá fi ètò sí i báyìí. Wọ́n ní omi Akosombo tó ń fún wa níná ti fà, ọ̀sẹ̀ kan wọn ó máa mú iná Adum, àdúgbò ṣọ́ọ̀bù wa, lọ lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kejì wọn ó mú un lóru. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sán ló kàn wá yìí.

Òfin Alhájì ọ̀gá wa ò yí padà: bí iná bá ti lọ, ohunkóhun tó bá ní púlọ́ọ̀gì, kí ẹni tó sún mọ́ ọn fà á yọ, torí iná tó bá ń padà bọ̀ máa ń fi ìbínú wọlé. Fíríìjì rẹ̀ ti ti ibẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa, ẹ̀rọ ńlá àti gílóòbù kan ni kó gbé, ríìsíìtì nìkan ni kí n sì máa tẹ̀ lórí rẹ̀. Àpótí, ìyẹn díìsìkì kejì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹ̀dà ìṣirò wa ń lọ sí lójoojúmọ́, Alhájì ní òun ò ra pẹtiróòlù fún un.

Èmi kì í fa àpótí yọ bí ẹni ń fa ewúro. Bátìrì abẹ́ tábìlì máa ń gbé òun àti ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá lọ; láàárín ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó tú u sílẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan wáyà. Bí iná bá dé, mo tún so ó mọ́ ọn. Tàíbátù tó wà ní káńtà ní mò ń ṣe bí ẹni tú ewúrẹ́ lókùn. Kó máa rẹ́rìn-ín. Àpótí àwọn ẹlòmíràn ti bàjẹ́ torí àìnísùúrù. Tèmi ò bàjẹ́ rí.

Jímọ̀, 13 Fẹ́búárì

86. Kí ló gbé e gòkè? Mi ò fi nǹkan kan sí i.

Àtìní, 16 Fẹ́búárì

90. Iná wà lọ́sàn-án ọ̀sẹ̀ yìí, torí náà mo jókòó ti ẹ̀rọ. Yàrá-yàrá ni fáìlì ń gbé nínú rẹ̀. Mo bi yàrá kọ̀ọ̀kan léèrè bó ṣe wúwo tó, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ro ó pọ̀. Gbogbo wọn kàn fi díẹ̀ ju ìdajì díìsìkì lọ ni. Mo wá bi díìsìkì fúnra rẹ̀, ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ó dà bí ìyá tó ka àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin, àmọ́ tí oúnjẹ ẹni mẹ́jọ ń tán nínú ìkòkò.

Mo tún un rò. Ó tún bọ́ síbi kan náà. Mo sọ fún ara mi pé ìṣirò mi ni kò dáa. Kì í ṣe irọ́ náà. Ìdajì sẹ́kọ́ńdìrì mi ni mo ṣe níbí kí ìjọba ibí tó lé àwa àlejò padà sílé ní '69, ìdajì tó kù ni mo parí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn ọmọ tó ń fi Yorùbá oní-Twi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò síbi tí ìṣirò ti rí ààyè jókòó sí mi lórí dáadáa láàárín méjèèjì. Ta wá ni mo jẹ́ tí mo ń bá díìsìkì jiyàn?

Tòmátì ti wọ́n. Ti ọjà Kejetia ò ṣe é wò.

Àlàmísì, 19 Fẹ́búárì

Mo bá Tàíbátù jà, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Tàíbátù, kí lò ń tọ́jú sínú ẹ̀rọ yìí?"

"Àǹtí Kúdí, kí ni mo fẹ́ tọ́jú? Lẹ́tà ẹgbẹ́ àsàlátù wa ni."

"Mélòó ni?"

"Ẹ̀ẹ́n? Ṣé lẹ́tà ìpàdé ló mú ẹ̀rọ wú? Bí ẹ̀rọ bá wá lóyún lọ́la, èmi náà ni ẹ máa bi?"

Àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bí mi nínú. Mo pa gbogbo lẹ́tà náà rẹ́ lójú rẹ̀. Ààyè tó tibẹ̀ wá ò tó ohun tí èèrà yóò tẹ̀. Nígbà tí a ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, kò kí mi.

Àtàlátà, 24 Fẹ́búárì

Páálí méjì dé láti ilé ìtẹ̀wé lónìí. Káàdì tí a fi ń kọ ọjà sílẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ̀rọ tó dé ni. Alhájì ní kí wọ́n gbé wọn sábẹ́ tábìlì mi, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó fi tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan. "Kùdírátù, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n káàdì kì í sọ pé òun ti yó. Bí ẹ̀rọ yìí bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tí o ò bá lè fi ohun tó ń ṣe é hàn mí kí á tó jẹ ẹran Iléyá tán, káàdì la ó padà sí. Ìwọ ó wá bọ́ sí káńtà lọ́dọ̀ Tàíbátù."

"Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i."

"Ààyè kẹ̀? Ṣebí òun gan-an ni ẹ̀rọ rẹ ń wá!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Káńtà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìyá mi tajà dọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ níbí tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kà á: bí mo bá jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn, tí mo tẹ ìbéèrè, tí ìdáhùn jáde, mo máa ń rí ara mi bí èèyàn. Kò sí ibòmíràn tó ti rí bẹ́ẹ̀ fún mi, àfi ilé mi ní Fante New Town, níbẹ̀ náà, ó dọjọ́ tí ọbẹ̀ bá dùn. Ọlọ́hun kò fẹ́ ìgbéraga. Bóyá Òun ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Sátidé, 28 Fẹ́búárì

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sán tún ló kàn wá yìí. 97. Ohun tí mo bá pa rẹ́ láàárọ̀, ẹ̀rọ á ti dí i kí n tó dé lọ́jọ́ kejì.

Mo wọ ọkọ̀ akérò trotro lọ sí Ayigya lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bóádì, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó bá wa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní '91. Ilé oúnjẹ ni mo ti bá a, ó ń jẹ fùfú. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí mo fi gbà láti jẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, pẹ̀lú ìṣirò yàrá-yàrá. Mo ń retí kó sọ pé mo ṣì í rò.

"Madam, o rò ó dáadáa," ni ó wí. Ó fọ ọwọ́. "Bí fáìlì bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, tí o bá pa á rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lọ. Ara rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ títí ẹni náà ó fi sọ ọ́ sílẹ̀. Wá a láàárín àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lábẹ́lẹ̀, tí kò sinmi rí."

Ó ní mo rò ó dáadáa. Mo ń tún un sọ fún ara mi nínú trotro títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Àtìní, 2 Máàṣì

Òótọ́ ni Bóádì sọ! Iṣẹ́ tó ń bá ìtẹ̀wé ríìsíìtì sọ̀rọ̀ di fáìlì ńlá kan mú, tí mo ti pa rẹ́ láti oṣù tó kọjá. Mo dá a dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀. 97 di 83. Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Alhájì yọjú wò mí, ó sọ pé "Yoo," ó padà síbi ìwé ìròyìn rẹ̀.

Bàbá Nímátù, ọkọ mi, ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin òun ò lè pàdánù lọ́wọ́ irin lásán. Mo se ìrẹsì.

Jímọ̀, 6 Máàṣì

Ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè ibí, ọlidé. Mo sùn. Lánàá, 83 náà ni.

Àlàrùbá, 11 Máàṣì

85 lánàá. 87 lónìí. Mo ti yọ̀ jù.

Sátidé, 14 Máàṣì

95. Mo ti wá rí nǹkan kan báyìí: ọ̀sẹ̀ tí iná bá ń lọ lóru, kì í gòkè. Ọ̀sẹ̀ tí iná bá ń lọ lọ́sàn-án, tí a ń lo jẹnẹrétọ̀, ló máa ń wú. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Nímátù bó ṣe ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.

"Pẹtiróòlù ló ń mu nìyẹn," ni ó wí. "Àdàlù ni wọ́n ń tà fún wa. Ọkọ̀ gan-an ń wúkọ́ nítorí rẹ̀."

"Bàbá Nímátù, kì í mu pẹtiróòlù. Iná ló ń jẹ."

"Iná tó ti inú àdàlù jáde, ṣé iná gidi nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè fi bá a jiyàn, torí èmi náà ti ń rò pé ìwà iná jẹnẹrétọ̀ yẹn ló ń kọ ìkọkúkọ sórí díìsìkì. Mo ní kí wọ́n yí epo padà. Owó Alhájì ni.

Àlàmísì, 19 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀. Òórùn ilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. N kò ṣe nǹkan kan tó ní láárí.

Àtìní, 23 Máàṣì

Epo tuntun ò yí nǹkan kan padà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sán tún bẹ̀rẹ̀, 95 di 97. Alhájì ní kí wọ́n tú páálí kan. Tàíbátù ti ń kọ orúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ sórí káàdì, ó ń fi ahọ́n lá igun ètè bó ṣe ń kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dára lójú ìwé. Mo wò ó, mo padà sídìí kíbọọ̀dù.

Àtàlátà, 24 Máàṣì

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Iná lọ ṣáájú ọ̀sán. Mo tú àpótí, mo fa púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. A lọ kírun àìlà, ìrun ọ̀sán. Nígbà tí a dé, oníbàárà kan láti Tamale ń bá Alhájì jà lórí iye tó ra bíréèkì lọ́dún tó kọjá. Alhájì ké sí mi: "Kùdírátù, wò ó fún mi!" Ìṣirò àtijọ́, inú yàrá ẹ̀dà ni mo máa ń lọ wò ó. Ọwọ́ mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Iye náà jáde. Mo kà á sókè, ọkùnrin Tamale gbà, Alhájì rẹ́rìn-ín, wọ́n tún padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sórí púlọ́ọ̀gì níwájú mi.

Àpótí ti kú. Wáyà rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ta wá ló dá mi lóhùn?

Mo padà wo yàrá ẹ̀dà, tí ó yẹ kó ṣófo porongodo nígbà tí àpótí ò bá sí. Ó kún bámú. Ẹ̀dà Jánúárì wà níbẹ̀, ti Fẹ́búárì, ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, títí dé ti òní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí a wà lórí ìrun. Ọjọ́ tí iná ò sí lọ́sàn-án ni gbogbo wọn.

Bóádì ló ṣètò pé kí ẹ̀rọ máa da ẹ̀dà ìṣirò sínú àpótí fúnra rẹ̀ lákòókò àìlà, torí kò sẹ́ni tó ń lò ó nígbà náà. Mo rò pé bí àpótí ò bá sí, iṣẹ́ náà ò lè ṣe, pé á kàn padà lọ jókòó. Kì í padà. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀dà ni àpótí máa ń dúró sí. Bí iṣẹ́ náà ò bá bá a níbẹ̀, inú yàrá gan-an ló ń da ẹrù sí, lórí díìsìkì ńlá. Bí iná bá dé, èmi a tún so àpótí, àpótí a bo yàrá mọ́lẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní. Ti òkè nìkan la ó máa rí. Díìsìkì mọ ìwọ̀n ti ìsàlẹ̀. Ìgbà tí iná bá wà nìkan sì ni èmi ń ka yàrá.

Ìṣọ́ra mi ló fà á. Bí mo bá ń fà á yọ bí àwọn tó kù ṣe ń fa nǹkan yọ, ẹ̀rọ ì bá ti pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mò ń fi sùúrù tú u, tí mò ń fi sùúrù so ó, tí mò ń fi sùúrù bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ojú tì mí. Inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jẹ kẹ́ńkè tí mo rà. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàrùbá, 25 Máàṣì

Mo tẹ Bóádì láago láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù nítòsí bánkì. Ó pariwo, "Ei! Madam!" débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi gbọ́.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ni ó wí. "Èmi ni mo kọ iṣẹ́ yẹn láì ní kó wo ẹnu ọ̀nà ná."

"Rárá o, èmi ni. Èmi ni mò ń tú àpótí."

"Madam, fi ẹ̀bi mi sílẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́, mepa wo kyɛw!"

Ẹ̀rín ń pa wá, owó fóònù sì ń lọ. Nígbà tó yá ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n ṣọ́ra gidigidi: bí mo bá pa ẹ̀dà wọ̀nyẹn rẹ́ nígbà tí àpótí wà ní ẹnu ọ̀nà, ti orí àpótí ni yóò lọ, ẹ̀dà òtítọ́, ìṣirò ọdún méje. Àṣẹ kan náà ni, yàrá kan náà ni. Ohun tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà lákòókò yẹn ló máa gbà á.

99 ni ẹ̀rọ wà. Lọ́la yóò dúró bí n kò bá ṣe é. Ó ní òun lè wá ṣe é fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé ti pẹ́ jù. Mo ní n ó ṣe é fúnra mi, mo gbé fóònù kalẹ̀ kí n tó lè yí ọ̀rọ̀ padà.

Àlàmísì, 26 Máàṣì

Iná lọ láàárọ̀. Mo tú àpótí. Mo fa púlọ́ọ̀gì. Mo pe Tàíbátù láti ìdí káàdì rẹ̀.

"Bá mi di eléyìí mú. Má fi sílẹ̀ títí n ó fi ní ó tó."

Ó wo púlọ́ọ̀gì, ó wò mí. "Àǹtí Kúdí, ṣé kì í ṣe pé ẹ tún ń wá lẹ́tà ẹgbẹ́ wa?"

"Tàíbátù, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú, kafra. Lẹ́tà yín ò ṣe nǹkan kan. N ó bá ọ tún wọn tẹ̀."

"Kí ẹ tún wọn tẹ̀ kẹ̀? Èmi náà ò fẹ́ kà wọ́n mọ́." Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì di púlọ́ọ̀gì náà mú bí ẹni di ọrùn adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa.

Bísímílàhì. Mo ka àṣẹ náà, mo tún un kà. Ọkàn mi kan ń sọ pé, ta ni ìwọ? Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ dákẹ́, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ nínú. Ó pẹ́ lójú mi. Nígbà tó padà sójú gíláàsì, mo bi díìsìkì léèrè. 57. Mo tún bi í. 57. Tàíbátù ń jó pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ kó tó tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ tí iná dé, mo so àpótí, mo wo ẹ̀dà òtítọ́: ó pé, kò sí èyí tó sọnù. Àlùhámúdù lílàhì. Èmi Kùdírátù ni mo ṣe é.

Sátidé, 28 Máàṣì

Mo sọ fún Alhájì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹní tí a tẹ́ lé ẹní, ó mi orí. "Ó ti wálẹ̀ rí, Kùdírátù. Ó tún gòkè. Jẹ́ kí n fi ojú mi rí i lọ́sẹ̀ ọ̀sán tó ń bọ̀."

Kò burú. Èmi náà ni mo ti kọ́kọ́ yọ̀ jù. Bóádì wá, ó jókòó tì mí, ó sọ ọgbọ́n rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́: fáìlì kékeré kan wà lórí àpótí báyìí gẹ́gẹ́ bí àmì. Kí ẹ̀dà tó wọlé, kó kọ́kọ́ wá àmì náà. Bí kò bá rí i, kó padà, kó sì sọ̀rọ̀ sójú gíláàsì. Bóádì bi mí pé kí ni kó sọ. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Àtìní, 6 Épírì

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ̀wọ́ iná fún wa lónìí torí ọdún ọ̀la. 57.

Àtàlátà, 7 Épírì

Iléyá. Ìrun ní pápá, oòrùn mú. Àgbò wa kéré ṣùgbọ́n ó sanra. Alhájì fi ẹsẹ̀ ẹran kan ránṣẹ́ sílé, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bàbá Nímátù ní kí n má ka ẹran bí ẹni ń ka lẹ́tà. Mo kà á síbẹ̀síbẹ̀.

Àlàrùbá, 8 Épírì

Iná lọ. Mo tú àpótí, mo fà á yọ. Nígbà tí àkókò àìlà ń súnmọ́, Alhájì gbé àga rẹ̀ wá síwájú ẹ̀rọ, ó jókòó. Ó ní kí a lọ kírun, òun ó kí tòun níbí, òun fẹ́ rí i.

Nígbà tí a padà dé, ó ti yí àga padà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú gíláàsì, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ilé kéú:

"Àpótí ò sí nílé. Mi ò ní da ẹrù sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ tún mi pè tí iná bá dé."

Ó kà á tán, ó tún un kà. Oníbàárà méjì ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Mo na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bi díìsìkì léèrè. 57.

Alhájì dìde. "Tàíbátù! Kó àwọn páálí wọ̀nyí lọ fún ilé kéú, kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ ìwé kíkọ."

Mo gbọ́ tí Tàíbátù kígbe "Aane, Alhájì!" kí Alhájì tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà ń bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Alhájì fi ìka kan gíláàsì.

"Ta ló kọ́ eléyìí ní Yorùbá?"

Bí wọ́n bá ti bi mí ní irú ìbéèrè báyìí, mo máa ń sọ pé Bóádì ni, tàbí pé Alhájì ló ra ẹ̀rọ, tàbí kí n fi gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ Ọlọ́hun kí n lè tètè bọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti wà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Èmi ni, Alhájì."